Tòmátì àti ata tí mo gbìn sínú ilé ń ṣubú lulẹ̀, ṣé yẹ̀pẹ̀ mi ni àbí ọwọ́ mi?

Ọmọ Ìjọ̀kà:
Ẹ kú òjò o gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀ torí ó ti sú mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Ìjọ̀kà níbí ní Àkúrẹ́, mi ò ní ilẹ̀ kankan, bákónì kékeré kan ló wà lẹ́yìn kíṣìnnì, ìyá onílé sì ti gbà kí n to bí àpò mẹ́wàá sí ẹ̀yìnkùlé nísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí Ọjà Ọba ṣe máa ń rí tí tòmátì bá ti wọ́n, wọ́n á to rodo mẹ́rin sílẹ̀ wọ́n á máa wò ẹ́ bíi pé góòlù ni. Ni mo bá ní èmi náà á gbìn tèmi.

Mo ra irúgbìn tòmátì inú sáṣẹ́ẹ̀tì, mo yọ kóró rodo àti tàtàṣé látinú èyí tí a fẹ́ fi se ọbẹ̀, mo to ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti kíréètì ẹyin sórí tébù ní pálọ̀, mo ra yẹ̀pẹ̀ dúdú àpò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á lẹ́bàá títì, mo tún lọ bu ìgbẹ́ adìyẹ níbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ, mo pò ó pọ̀, mo gbìn ín, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ láìgbàgbé.

Ìgbà àkọ́kọ́, tòmátì hù ní ọjọ́ kẹfà, mo yà á ní fọ́tò mo gbé e sí státọ́ọ̀sì. Wọ́n ga fíofío, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, gbogbo wọn tẹ̀ sọ́nà wíńdò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, mo jí, ìdajì ti sùn lulẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù o, àmọ́ ibi tí ọrùn wọn ti kan yẹ̀pẹ̀ ti fún pọ̀, ó ti dúdú. Ọjọ́ kejì ẹ̀, ó tán. Ìgbà kejì ata ni mo gbìn, mo dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan kan, mo fi ìka hú u wò, kóró wà bó ṣe wà, mo bínú da gbogbo ẹ̀ nù. Ìgbà kẹta tòmátì tún hù, ewé wọn wá ń pọ́n, etí ẹ̀ ń jó, nǹkan funfun kan sì bo orí yẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọwọ́ mi ló gbóná, pé ohun tí àwọn kan bá gbìn kì í hù. Mo ti wo fídíò YouTube tó lé ní ogún, wọ́n ní kí n ra iná tí wọ́n ń fi kọ́ sókè orí ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ àti máàtì tó ń gbóná sábẹ́ ẹ̀. Wákàtí mẹ́rìnlá! Níbo ni mo ti fẹ́ rí iná? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ wá yẹ̀pẹ̀ míì ni? Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń se yẹ̀pẹ̀ lórí iná, ṣé òótọ́ ni?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọ̀dà Róòdù:
Pẹ̀lẹ́ o. Ọwọ́ ẹ ò gbóná, omi ẹ ló pọ̀. Kí n tó sọ tèmi, dá mi lóhùn: ṣé o lu ihò sí ìdí àwọn ọ̀rá yẹn? Ìgbẹ́ adìyẹ tó o bù, ṣé ó ṣì ń rùn tó ń ta èèyàn nímú? Ilé tó o wà, oòrùn ń wọlé níbi tí tébù yẹn wà àbí ìmọ́lẹ̀ lásán?

Ọmọ Ìjọ̀kà:
Ẹ ṣé gan an mà. Ihò kẹ̀, mi ò lu nǹkan kan, mo rò pé omi á máa ṣàn sórí tébù ni. Ìgbẹ́ yẹn ń rùn mà, ojú mi gan ń ṣomi nígbà tí mò ń pò ó. Oòrùn ò wọlé, ìmọ́lẹ̀ lásán ni.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọ̀dà Róòdù:
Ẹ̀n hẹ́n. O ti dáhùn ìbéèrè ẹ fúnra ẹ.

Ọmọ tòmátì, ata àti ìkàn ni mò ń hù tà, iṣẹ́ ìyá mi náà sì ni. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ọrùn ló jẹrà. Yẹ̀pẹ̀ tó bá ń tutù lọ́sàn-án lóru, tí atẹ́gùn ò fẹ́ sí i, ó ní nǹkan tó máa ń jẹ ọmọ ewébẹ̀ lọ́rùn, òun ló fi jẹ́ pé ewé wà lókè tí ìdí ti kú. Tó bá ti mú ẹyọ kan, tètè yọ ọ́ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀, torí láàárín ọjọ́ méjì ó lè kárí. Kò sí oògùn tó lè jí èyí tó ti ṣubú dìde, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta nǹkan kan fún ẹ.

Yẹ̀pẹ̀ síse, òótọ́ ni, àwọn kan tiẹ̀ ń yan án nínú agbada bí ẹni ń yan gààrí, èmi ò fẹ́ràn yíyan torí tó bá ti gbóná jù á máa rùn bí irun tó jó, ọmọ ewébẹ̀ kì í sì í ṣe dáadáa nínú ẹ̀ mọ́. Bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín ni ká ṣe é. Wá ìkòkò àlòkù tó tóbi tàbí páànù, da omi díẹ̀ sísàlẹ̀, to igi sí i, gbé yẹ̀pẹ̀ tó o dì sínú àpò jútù sórí igi yẹn kí omi má kàn án, bò ó pa. Kí yẹ̀pẹ̀ yẹn rin díẹ̀ kó tó wọnú ìkòkò, tó bá gbẹ ooru ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ìgbà tí èéfín omi bá ti ń jáde lókè dáadáa ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Ọgbọ́n tí ìyá mi fi ń mọ̀ ni pé ó máa ń ri ọ̀dùnkún kékeré kan mọ́ àárín yẹ̀pẹ̀, tí ọ̀dùnkún bá ti jinná, yẹ̀pẹ̀ náà ti jinná. (A kì í jẹ ọ̀dùnkún yẹn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè.) Tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tó mọ́ kó tutù, má tún wá fi ṣọ́bìrì tó o fi wa ilẹ̀ láàárọ̀ kó o, o máa dá nǹkan tó o lé jáde padà sínú ẹ̀ ni.

Àpòpọ̀ tèmi: ilẹ̀dú tí mo wa lábẹ́ igi, igbá méjì, yanrìn odò, igbá kan, ó tán. Mi ò fi ìgbẹ́ sí ti kóró rárá. Kóró gbé oúnjẹ tiẹ̀ wá látilé, á jẹ ẹ́ títí tí ewé gidi á fi yọ, ìgbà tó bá ti ní ewé gidi méjì ni mo máa ń bu yẹ̀pẹ̀ tó lágbára díẹ̀ sí i. Kí o sì lu ihò. Ihò mẹ́rin márùn-ún ní ìdí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

Omi, má bù ú lé e lórí. Gbé ọ̀rá sínú ọpọ́n tó ní omi díẹ̀, jẹ́ kó fà á láti ìsàlẹ̀, tí orí yẹ̀pẹ̀ bá ti ṣú kó o gbé e kúrò. Títí tí orí ẹ̀ á fi gbẹ, má fún un mọ́.

Àgbẹ̀ Oríta Ọ̀bẹlẹ́:
Mà, ẹ ti sọ ọ́ tán, ẹ̀kọ́ tí a kà ní yunifásítì FUTA fún ọdún gbọọrọ lẹ kó sínú mọ́ínmọ́ín yẹn. Damping-off lorúkọ tí wọ́n ń pe ọrùn jíjẹrà yẹn nínú ìwé, Pythium àti Rhizoctonia, àwọn nǹkan tín-ín-tín bí èbu, ló sábà máa ń fà á, inú yẹ̀pẹ̀ tó tutù ni wọ́n ń gbé. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n sì ń sọ fún yẹ̀pẹ̀ síse ni bíi 82°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò nílò kó dé orí híhó.

Ọmọ Ìjọ̀kà, jẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí YouTube yẹn torí òun ló kó ẹ sí wàhálà. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn, ìgbà tí yìnyín bo ilẹ̀ níta ni wọ́n ń gbin tòmátì sínú ilé, ilẹ̀ wọn tutù, oòrùn wọn kúrú, òun ló fi jẹ́ pé iná àti máàtì gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣe é. Tòmátì ń fẹ́ ooru bíi 21 sí 29°C kó tó hù dáadáa. Pálọ̀ ẹ ní Ìjọ̀kà ti fún un nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́! Ohun tí àwa ń sá fún yàtọ̀: òjò tó ń ja irúgbìn kúrò nílẹ̀, oòrùn ọ̀sán tó ń jó ọmọ ewébẹ̀, adìyẹ, aláǹgbá, ìrẹ̀. Torí náà kì í ṣe inú ilé lo nílò, abẹ́ ìbòrí lo nílò. Gbé e lọ sí bákónì lọ́jọ́ tó bá ti hù gan an, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa kàn án, òjò ò sì ní dà lé e. Gíga fíofío yẹn kì í ṣe pé ó ń dàgbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá, èyí tó bá sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn ni ọrùn ẹ̀ máa ń tètè jẹrà. Atẹ́gùn bákónì gan á mú kí igi ẹ̀ le.

Ti ìgbà kẹta, ìgbẹ́ adìyẹ tútù ló jó o. Iyọ̀ inú ẹ̀ ló rú jáde tó funfun lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, bó bá jẹ́ pé ó rí bí òwú tó hu irun ni mi ò bá ní èbu ni, àmọ́ etí ewé tó jó ti tú àṣírí ẹ̀. Kó ìgbẹ́ jọ, fi omi rin ín, bò ó, máa yí i padà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà tí kò bá gbóná mọ́ tí kò sì rùn mọ́ tó ń rùn bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò, nígbà yẹn ló di oúnjẹ.

Ata tó o dà nù, o kánjú ni. Tòmátì á gba bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, àmọ́ rodo lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè wọ ìkẹta. Tó ò bá dá kóró ẹ lójú, ka mẹ́wàá, fi tíṣù tó rin dì í, kó o sínú ọ̀rá, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí méje bá la ẹnu, kóró ẹ dáa. Tí ìkan péré bá là, má fi yẹ̀pẹ̀ ẹ ṣòfò.

Bàbá Kòkó Ìdànrè:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti sọ ata gbígbìn di nǹkan ilé ìwé. Àwa tí a hu kòkó nínú ọ̀rá láti kékeré ní Ìdànrè, kí la fi ṣe é? Ilẹ̀ orí láti inú igbó, ọ̀rá dúdú tó ní ihò, imọ̀ ọ̀pẹ lókè, ó parí. Bí kòkó bá ti ń dàgbà à ń yọ imọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn á fi mọ ọ́n lára. Ata náà nìyẹn. Mi ò se yẹ̀pẹ̀ rí ní ayé mi.

Àmọ́ ẹ ò dárúkọ eérú. Eérú èèpo kòkó, tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, fọ́n ọn sí i kí ẹ wá wo ata.

Àgbẹ̀ Oríta Ọ̀bẹlẹ́:
Ẹ kú àárọ̀ sà. Ilẹ̀ igbó yín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ nílò síse sà, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, a ò mọ ibi tó ti wá, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti gbin tòmátì títí tó fi ṣàìsàn. Eérú kòkó dáa lóòótọ́, potassium, ọ̀kan lára oúnjẹ ewébẹ̀, pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì ń pa kíkan ilẹ̀, èyíinì ni pé tí ilẹ̀ bá kan jù ó máa ń rọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ kékeré sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ̀pẹ̀ kan ti pọ̀ tó fún ọmọ ewébẹ̀, tó bá pọ̀ jù ó máa jó o bí ọṣẹ ṣe ń ta ọwọ́. Ẹ má sì pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ lọ́jọ́ kan náà, eérú á lé agbára ìgbẹ́ yẹn sínú afẹ́fẹ́, òórùn tó máa ń sọ nígbà yẹn ni agbára ẹ̀ tó ń lọ.

Bàbá Kòkó Ìdànrè:
Mo gbọ́. Èmi á ṣì máa fọ́n tèmi o.

Ìyàwó Tíṣà Oǹdó:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè. Tèmi, mo hù ú dáadáa, mo lọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó, wọ́n dàgbà, wọ́n yọ òdòdó, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ewé wọn rọ jọwọlọ láìpọ́n, mo bomi rin ín, kò gbọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rin ó kú. Ọdún tó kọjá náà ló ṣe bẹ́ẹ̀, ibi kan náà. Ṣé ikán ni?

Àgbẹ̀ Oríta Ọ̀bẹlẹ́:
Tó bá jẹ́ ikán, ìdí ẹ̀ á ti di jíjẹ, ẹ máa rí i. Ẹ ṣe nǹkan méjì. Ẹ hú ìkan tó ń kú lọ́wọ́, ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀, bóyá ẹ máa rí kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ lára ẹ̀, aràn ilẹ̀ tín-ín-tín ni ìyẹn, nematode. Lẹ́yìn náà ẹ gé igi ẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ di í mú nínú gíláàsì omi tó mọ́, kí ibi tó gé wọ omi díẹ̀, ẹ má mì ín, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyàwó Tíṣà Oǹdó:
Haa. Nǹkan funfun bí mílíìkì ń ṣàn wálẹ̀ látinú igi yẹn bí okùn! Àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Gbòǹgbò ò ní kókó.

Àgbẹ̀ Oríta Ọ̀bẹlẹ́:
Bakitéríà ni mà, bacterial wilt, kò sì sí oògùn ẹ̀. Ẹ hú gbogbo èyí tó ti rọ, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sí àkìtàn. Ibẹ̀ yẹn, tòmátì, ata, ìkàn, ọ̀dùnkún òyìnbó, ẹ má gbin ìkankan níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, àgbàdo ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹ fọ ọkọ́ yín kẹ́ ẹ tó lò ó níbòmíì, kí omi òjò ibẹ̀ má sì ṣàn lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Tòmátì tiyín, ẹ wá àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tuntun sí i, ẹ gbé e sórí kọnkéré.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọ̀dà Róòdù:
Irú ẹ̀ ṣe ìyá mi rí, ó ba gbogbo bẹ́ẹ̀dì tòmátì ẹ̀ jẹ́ lọ́dún yẹn, àwọn aládùúgbò ní wọ́n fi nǹkan síbẹ̀ ni. Gíláàsì omi ni kò sí lọ́wọ́ wa nígbà yẹn.

Ọmọ Ìjọ̀kà:
Mo ń ka gbogbo ẹ̀ o. Ìbéèrè kékeré: ṣé mo lè fi ewédú àti ẹ̀gúsí... rárá, ẹ̀fọ́ ùgú ni mo fẹ́ sọ, ṣé mo lè hù ú nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ náà?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọ̀dà Róòdù:
Ewédú, má dá ara ẹ lágara. Fọ́n ọn sórí ilẹ̀ níbi tó máa gbé. Àmọ́ èèpo ẹ̀ le, di í sínú aṣọ, ri í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ka ení dé ẹ̀wá, yọ ọ́, ri í sínú omi tútù. Tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ á hù lónìí, díẹ̀ á hù lóṣù tó ń bọ̀. Ùgú ní tiẹ̀, inú èso tútù ni kó o ti yọ kóró ẹ̀, kó o gbìn ín kíá, tó bá gbẹ pátápátá ó ti kú nìyẹn, òun ò dà bí ẹ̀gúsí.

Ọmọ Ìjọ̀kà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin):
Mo padà dé o! Mo se yẹ̀pẹ̀. Ìyá onílé gbọ́ èéfín, ó gòkè wá pé kí la fẹ́ jẹ, mo ṣí ìkòkò, ó wò mí títí, ó kàn ní "ó dáa," ó sọ̀kalẹ̀.

Mo tiẹ̀ yẹ yẹ̀pẹ̀ dúdú tí mo rà yẹn wò kí n tó jù ú nù, mo bu ú dé ìdá mẹ́ta ike omi kan, mo da omi kún un, mo mì ín, mo gbé e kalẹ̀. Yanrìn tó tò sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan kò ju ìbú ìka kan lọ, nǹkan ń léfòó lókè, èérún èédú ló pọ̀ jù níbẹ̀, omi ẹ̀ ò sì mọ́ títí di ọjọ́ kejì, amọ̀ ni ìyókù ẹ̀. Dúdú ẹ̀ ni mo rí tí mo fi rò pé ó lọ́ràá. Mo lọ wa ilẹ̀dú lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Aúlé, mo ra yanrìn odò bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà.

Kóró rodo mẹ́wàá tí mo fi tíṣù dì, mẹ́jọ là. Tàtàṣé, méjì péré! Torí náà mo pa tàtàṣé tì. Tòmátì àádọ́ta ni mo gbìn, mẹ́rìnlélógójì hù, ẹyọ méjì ló jẹrà lọ́rùn, mo yọ wọ́n kíá, kò kárí. Rodo jáde lọ́jọ́ kẹtàlá, mi ò hú u wò, ìyàwó mi ló so mí lọ́wọ́. Bákónì ni gbogbo wọn wà, wọ́n kúrú, wọ́n dúdú, wọ́n lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣòro tuntun: lánàá mo kó mẹ́fà sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn mọ̀ wọ́n lára, láàárọ̀ yìí wọ́n ti gé méjì ní ìdí bíi pé wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé e, igi ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ọ̀dà Róòdù:
Ìrẹ̀ nìyẹn, tàbí kòkòrò kan tó máa ń ká ara ẹ̀ jọ sínú ilẹ̀. Fi ìka tú yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ wò, tó bá jẹ́ kòkòrò yẹn o máa bá a níbẹ̀. Gé ike omi sí òrùka òrùka, fi ìkọ̀ọ̀kan yí ọmọ tòmátì kọ̀ọ̀kan ká, ri í wọlẹ̀ díẹ̀. Má sì sáré lọ́ ọ, oòrùn wákàtí kan méjì lónìí, fi kún un lọ́la, títí bí ọ̀sẹ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ ni kó o lọ́ ọ.

Bàbá Kòkó Ìdànrè:
Fọ́n eérú yí ìdí ẹ̀ ká.

Ọmọ Ìjọ̀kà:
😂 Bàbá! Màá fọ́n díẹ̀ sà, ẹ̀kúnwọ́ kékeré. Ẹ ṣé gan an ni, gbogbo yín. Ìyá onílé ti ní kí n yọ mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún òun, ó tún ń béèrè ìgbà tí màá tún se òmíì.